Ẹ̀mí Ku Kan Lábẹ́ Igi

A ń fi tó gbogbo aráyé létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà, pé obìnrin tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í jẹ búrẹ́dì tí kò bá tíì fi àmì ohùn sí ara ọ̀rá rẹ̀. Á tẹ́ ọ̀rá náà sórí tábìlì, á fi àtẹ́lẹwọ́ nà án kó dán, á yọ báírò tó máa ń kì bọ irun, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà tín-ín-rín sórí ọ̀rọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì: èyí gòkè, èyí sọ̀ kalẹ̀, èyí gba ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Ìgbà tó bá parí ni yóò tó bu búrẹ́dì. Kò sí ẹni tó rán an. Àwọn oníbúrẹ́dì kò mọ̀. Àwọn tó sì ti bá a jẹ ẹ́ jẹ́rìí pé kò dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwé ìpè ìgbéyàwó, agolo wàrà, páálí oògùn, kò sí èyí tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògiri kan wà ní òpópónà wọn tí onílé kọ MA TO SIBI sí lára. Ohun tí onílé ní lọ́kàn ni "Má tọ̀ síbí." Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí wọ́n ká mọ́ ìdí ògiri náà ṣàlàyé, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ mì, pé "Máa tọ̀ síbí" lòun kà á sí, òun kì í sì í ṣe aláìgbọràn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, obìnrin wa gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì jáde. Ìlà kan ṣoṣo ló fà sórí A. Ògiri náà gbẹ láti ọjọ́ yẹn.

Àmì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn ọmọdé fi Àǹtí kún un. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní "ìwọ ọmọ yìí" títí ọmọ náà fi ní ewú lórí. Ẹ má sì rò pé orí rẹ̀ dàrú. Nígbà kan rí, odidi yàrá kan àti àwọn tó ń jẹun nínú rẹ̀ rọ̀ mọ́ irú ìlà kékeré bẹ́ẹ̀, okùn náà sì fẹ́ já.

Ilé iṣẹ́ fáànù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó láàárín àwọn obìnrin tó ń kun nọ́ńbà sára kókó tí wọ́n fi ń yí fáànù: òdo, ení, èjì, ẹ̀ta. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òdo, ení, èjì, ẹ̀ta. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó lè kun ení tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ojú, kó sì máa ronú nípa ọ̀rọ̀ mìíràn.

Alága tó ni ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ọkùnrin kan tó sanra, tí kì í lè sọ̀rọ̀ tí fáànù kò bá fẹ́ sí i lójú. Ó rin ìrìn àjò kan, ó rí ẹ̀rọ eré tí àwọn ènìyàn so mọ́ tẹlifíṣàn, ó dé, ó pe ìpàdé. Ó ní ohun tí fáànù ń ṣe fún ara ni ẹ̀rọ yìí yóò máa ṣe fún ọkàn. Kò yé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òun ló ń san owó oṣù, nítorí náà ó yé gbogbo wọn.

Wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà, ó dára, ó tilẹ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn bí ọmọ fáànù. Ẹni tí yóò ṣe eré tó máa wọ inú rẹ̀ ni wọn kò rí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí orúkọ wọn wà lára ohun tí oní-fáànù ṣe. Ẹni tí kò rí alágbàfọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni í fi fọṣọ. Alága ní kí wọ́n kó àwọn abẹ fáànù tó ti tẹ̀ kúrò nínú yàrá kan ní àjà òkè, kí wọ́n gbé tábìlì mẹ́ta sí i, kí wọ́n máa pè é ní Ẹ̀ka Eré. Bí wọ́n ṣe dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ké rìbọ́ọ̀nù.

Tábìlì àkọ́kọ́ jẹ́ ti Ọ̀gá Àyè, olórí ẹ̀ka, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó kàwé kọ̀ǹpútà. Káséètì tí wọ́n ń kó eré sí nígbà náà kéré débi pé fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ yà lónìí yóò há sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá yìí ni kó máa ṣọ́ ibi tó ṣófo nínú káséètì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣòfò. Ohunkóhun tí ẹ bá mú wá bá a, ọ̀rọ̀ kan ló ní: "Àyè dà?" Ẹ kí i "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," á wo yín bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹ kò bá ti lè kí òun ní ṣókí.

Tábìlì kejì jẹ́ ti Baba Igi, tó ti kun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá di ẹni tó ń ya igi, odò àti ojú ọ̀run sínú eré. Wọ́n wá ẹni tí yóò ya lẹ́tà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kun nọ́ńbà, wọ́n ní ta lọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Gbogbo àwọn obìnrin náà nàka sí Àmì. Ó bá gun òkè lọ sídìí tábìlì kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rí níbẹ̀, nítorí ó ṣì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Wọ́n fún un ní bébà tó kún fún ojú wẹ́wẹ́ bí ojú àwọ̀n, mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ lóròó. Nínú àwọ̀n kékeré yẹn ni lẹ́tà kan gbọ́dọ̀ gbé. Ó kun àwọn ojú kan, ó fi àwọn kan sílẹ̀, Ọ̀gá Àyè tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, lẹ́tà E sì dìde dúró nínú òkùnkùn tẹlifíṣàn, ó ń tàn. Àmì fọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ńbà tó ti ń kun láti ìgbà tó ti ń kun ún, ibi tó bá kun ún sí ló ń wà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ E kan ṣoṣo ló yà, wọ́n pè é síbí, ó jẹ́. Wọ́n pè é sọ́hùn-ún, ó jẹ́. Ó wà níbi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì rẹ̀ ẹ́.

"Baba," ó sọ fún Baba Igi, "ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ọ́," Baba Igi fèsì. "Igi mi àkọ́kọ́ ńkọ́? Mo dìde dúró fún un kí n tó lè jókòó síwájú rẹ̀."

Eré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe dá lórí ọkùnrin kékeré kan tó ń fo odò. Bó bá já sódò, ẹ̀mí rẹ̀ kan lọ. Mẹ́ta ni wọ́n fún un. Lókè, Àmì fi lẹ́tà rẹ̀ tó ń dán kọ ọ́ síbẹ̀: EMI KU META. Kò sí àmì, kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà, nítorí pé "Àyè dà?" Gbogbo yàrá sì kà á dáadáa, "Ẹ̀mí ku mẹ́ta." Ta ni yóò ṣì í kà? Ẹni tó di ẹrù mọ ohun tó dì síbẹ̀.

Inú Àmì dùn débi tó fi gbé ẹ̀rọ kan lọ sílé. Ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tí kì í jókòó lórí àga tí kò bá tíì fi áńkáṣíìfù nù ún. Ọmọ rẹ̀ so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣàn ní pálọ̀, ó tàn án. Màmá ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó sì kà á sókè ketekete bí ẹni tó ń ka orúkọ aláìsàn.

"Èmi... kú... mẹ́ta."

Ó tún un kà nínú. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kú?"

"Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ni. Ẹ̀mí ku..."

"Mo lójú. E, M, I. Èmi. K, U. Kú. Èmi tí mo jókòó síbí. Mo sì ti fẹnu ara mi sọ ọ́!" Ó fi ọwọ́ nu ètè rẹ̀. "Èmi kò kú! Èmi kò kú! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti dá a padà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Màmá."

"Èmi kò kú!" Ó fa wáyà yọ lára ògiri. "Gbé e jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ nínú fáànù, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́, kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni."

Tó bá jẹ́ Màmá nìkan ni, à bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilé tó ní ọmọdé tó ń ṣe eré náà ló ní ìyá tó ń kàwé sókè. Láìpẹ́, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé bí ẹran tí òjò ká mọ́ pápá. Àwọn ọlọ́jà kó wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí a kò fi rí ibi gbà mọ́. "Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ń ṣépè," ni wọ́n ń wí. Wọn kò tilẹ̀ béèrè bóyá òótọ́ ni.

Alága gun òkè wá pẹ̀lú fáànù lọ́wọ́. "Fáànù mi ti gé ènìyàn níka rí," ó wí, "kò sí ẹni tó dá a padà. Ẹ̀yin ṣe eré, wọ́n ń sá fún un. Ẹ ṣe òmíràn. Tí ìyá kan bá tún lè jókòó tì í láìfa wáyà yọ, ẹ̀ka yín dúró. Tí kò bá lè jókòó, abẹ fáànù ń padà sínú yàrá yìí, kálukú á sì padà síbi tó ti wá." Ó wo Àmì nígbà tó sọ "kálukú." Òdo, ení, èjì, ẹ̀ta.

Ojoojúmọ́ ni Àmì ń bẹ̀bẹ̀ fún àmì, ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá Àyè ń dá a lóhùn bákan náà. Òótọ́ ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́tà E nìkan fẹ́ kó gbogbo ẹbí rẹ̀ wọlé: E, É, È, Ẹ, Ẹ́, Ẹ̀. Lẹ́tà O náà ní ẹbí tirẹ̀. Lẹ́tà A ní òun ò ní gbà kí wọ́n yọ òun sílẹ̀. "Tí n bá fún gbogbo wọn ní yàrá," Ọ̀gá Àyè wí, "ọkùnrin tó ń fo odò ni yóò máa sùn níta."

Ibi okùn aṣọ ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àmì ń bá ìyá rẹ̀ sá aṣọ, Màmá ń fi pẹ́ẹ̀gì há a mọ́ okùn, ọmọ kàn dúró, ó ń wo pẹ́ẹ̀gì.

"Kí lò ń wò? O ò rí pẹ́ẹ̀gì rí ni?"

"Màmá, ẹ kò rán pẹ́ẹ̀gì mọ́ aṣọ."

Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ibà ni. "Bó bá jẹ́ pé mo rán an, ṣé gbogbo aṣọ ló máa ní tirẹ̀? Pẹ́ẹ̀gì yìí náà ló há búláòsì láàárọ̀, òun náà ló ń há bẹ́ẹ̀díṣíìtì. Dá mi lóhùn, ṣé orí ń fọ́ ọ?"

Àmì ti sọ aṣọ sínú báàfù, ó ti ń sáré. Àmì ohùn kò ní láti bá lẹ́tà gbé nínú àwọ̀n kan náà! Ẹ jẹ́ kó dá dúró ní ìlà òkè, kí ẹ sì há a sórí lẹ́tà tó bá nílò rẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì méjì péré, ọ̀kan tó gòkè, ọ̀kan tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá fi lẹ́tà mẹ́ta tó ní ẹsẹ̀ kún un, Ẹ, Ọ, Ṣ. Àwòrán márùn-ún, gbogbo ẹbí ti wọlé.

Ọ̀gá Àyè gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì pẹ́ lórí nínù náà. "Ó dára," ó wí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wá wọ awò padà. "Àyè márùn-ún náà dà?"

Kò sí. Káséètì ti kún dé ẹnu.

"Ẹ mú ẹyẹ," Baba Igi wí.

Ẹyẹ yẹn ni ẹyẹ kan tó ń fò kọjá lójú ọ̀run eré náà. Baba Igi ti ń wo àwọn ẹyẹlé ojú fèrèsé láti ìgbà òjò láti lè yà á: ìyẹ́ sókè, ìyẹ́ gbọọrọ, ìyẹ́ nísàlẹ̀, ó yí, ó bà. Àwòrán márùn-ún.

"Baba, ẹyẹ kẹ̀?"

"Ẹyẹ kò ní ohun tó fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ló ní ohun tó fẹ́ sọ." Ó gbójú kúrò nígbà tí wọ́n pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan tẹlifíṣàn. Ọ̀run ṣófo gbalaja, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: Ẹ̀MÍ KU MẸ́TA. Mẹ́ta ni àwọn àmì náà, tín-ín-rín, wọ́n dá dúró lókè lẹ́tà, wọn kò fara kan nǹkan kan. Baba Igi ló kọ́kọ́ rí i. Ó dìde.

"Ẹ wò ó," ó wí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe bà lé e. Ẹyẹ mi ò kúkú lọ síbì kan."

Ó kù kí ìyá kan wá jókòó. Alága ní òun kò fẹ́ ìyá tó gba ẹ̀bẹ̀. Ìyá tó kọ́kọ́ fa wáyà yọ gan-an ni kí wọ́n pè. Bí Màmá ṣe gun àtẹ̀gùn náà wá ní ọ̀sán gangan nìyẹn, pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lápá. Ó nu àga. Ó jókòó. Wọ́n fi páàdì tí wọ́n fi ń darí eré lé e lọ́wọ́, ó gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń gbọn ohun tí wọ́n fi ń wo ibà. Alága dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá ti awò ojú sókè. "Ẹ̀mí ku mẹ́ta." Ó ṣíjú wo ọmọ rẹ̀. "Èyí yéni. Kí ló dé tí ẹ kò ti sọ bẹ́ẹ̀ látòní?" Ó wá sún mọ́ tẹlifíṣàn, ó yẹ ọkùnrin kékeré náà wò. "Ó rù. Ṣé ó ń jẹun?"

"Màmá," Ọ̀gá Àyè fèsì, "àyè ò gba ikùn."

Ó fo odò àkọ́kọ́, ọkùnrin náà já sí i. Ẹ̀MÍ KU MÉJÌ. "Yéè! N kò gbọ́ kó ké."

"Àyè ò gba igbe, Màmá."

Ó fo èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, ẹsẹ̀ yẹ̀. Ẹ̀MÍ KU KAN. Màmá kà á, kò kà á sókè. Ó yọ àtàǹpàkò kúrò lórí bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ó da ọkùnrin náà padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé abẹ́ igi Baba Igi, ó dá a dúró síbẹ̀ ní ibòòji, ó sì gbé páàdì sílẹ̀.

"Màmá," Alága wí, "odò kan ló kù. Tí ẹ bá fò ó, ẹ ti borí."

"Tí n kò bá fò ó ńkọ́? Ṣé yóò kú?"

"Rárá, Màmá. Ibẹ̀ náà lá máa wà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó ká ọwọ́ lé itan. "Ọmọ mi, mo ṣe nọ́ọ̀sì títí orí mi fi funfun. Àwọn tí ẹ̀mí wọn ku ẹyọ kan tí wọ́n gbé wá bá mi, ẹ kò lè kà wọ́n. Kò sí ìkankan tí mo ní kó dìde lọ fo odò." Ó wá nàka sí suwíìṣì. "Bí ẹ bá pa iná yìí, ibo ló ń lọ?"

Àmì ló fèsì. "Bí a bá tún tàn án, Màmá, ẹ̀mí á tún pé mẹ́ta."

"Ti ẹlòmíràn nìyẹn. Èyí ni mo ń béèrè."

Ẹ̀yin ará, àwọn mẹ́ta ló ṣe ọkùnrin yẹn. Wọ́n mọ gbogbo ojú àwọ̀n tó wà lára rẹ̀. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ibi tó ń lọ. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó lábẹ́ igi bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ wà nínú yàrá náà kí wọ́n tó dé. Fáànù Alága ń fẹ́ sí àyà rẹ̀, kò rántí gbé e sójú.

"Màmá," ó wí nígbẹ̀yìn, "ṣé ẹ máa dá ẹ̀rọ yìí padà ni?"

"Dá ta padà? Ta ni yóò máa mójú tó o?"

Alága na ọwọ́ sí suwíìṣì, ó sì fà á sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. "Ẹ jẹ́ kó wà," ó wí. "Yàrá tí ènìyàn ń gbé kò ṣe é kó abẹ fáànù sí." Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Bí Ẹ̀ka Eré ṣe dúró nìyẹn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọjọ́ kejì. Ọ̀gá Àyè, nínú ìtara rẹ̀, ti mú bébà kan tó fẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kọ MA PA A sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ suwíìṣì. Nígbà tí Àmì wọlé láàárọ̀, ó bá obìnrin tó ń gbálẹ̀ tí ìka rẹ̀ ti wà lórí suwíìṣì.

"Àǹtí!" Àmì ké. "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ pa á ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbẹ̀: Máa pa á."

Àmì fò. Lóòótọ́, ó fò bí ọkùnrin kékeré náà, kò sì já sódò. Ó gba ọwọ́ obìnrin náà mú, ó fa báírò yọ nínú àpò rẹ̀, ó fa ìlà kan sórí A àkọ́kọ́. Má. Lẹ́yìn náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tí kì í gbọ̀n rí ti ń gbọ̀n, ó ki báírò bọ irun. Ibẹ̀ ló sì wà di òní. Nígbà tó bi Ọ̀gá Àyè léèrè ohun tó dé tí kò fi àmì sí bébà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní ó ti mọ́ òun lára ni.

Ọ̀pọ̀ eré ni wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ń pààrọ̀, káséètì di nǹkan àná. Nísinsìnyí ẹ̀ka náà gba odidi ilé, àyè pọ̀ débi pé ẹyẹ ń fò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú ọ̀run eré wọn, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mì lọ́tọ̀. Àmì ohùn nìkan ni àwọn ọmọ tuntun máa ń gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí Àmì, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, fi ń yà síbẹ̀ pẹ̀lú báírò.

Màmá pẹ́ láyé. Títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún un ló ń gun òkè wá yẹ ọkùnrin kékeré rẹ̀ wò, á ní "Ó ṣì wà," á máa lọ. Nígbà tó wá di òun ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó béèrè, "Ó ṣì wà?" Àmì ní, "Ó wà, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín, ó sùn lọ.

Lọ́dún yìí, wọ́n fẹ́ wó àjà òkè àtijọ́ yẹn. Wọ́n rán oníná lọ gé iná ibẹ̀. Ó ka bébà tó wà lára ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀ padà. Wọ́n rán ọ̀gá oníná. Òun náà ní ẹ̀yìn ń ro òun. Alága tuntun, ọmọ Alága, gun òkè fúnra rẹ̀, ó wo abẹ́ igi náà, ó sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o láti apá kejì ná. Tẹlifíṣàn ń tàn. Odò kan ló kù. Suwíìṣì wà lápá ọ̀tún bí ẹ bá wọlé, kò ga, ọmọdé gan-an lè tọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé dé ibí, ṣé kí wọ́n máa retí yín láti wá pa á?